Ta la fi ti ta mọ́lé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé màmá kan ní àdúgbò wa ní Kubwa lọ wo ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Fóònù ni wọ́n ní ó jí. Ọmọ ọdún 19 ni. Adájọ́ ò tíì dá a lẹ́bi, kò tíì dá a láre, wọ́n kàn ń sún ẹjọ́ síwájú ṣáá ni. Màmá bi í pé ta ló ń bá a sùn ní yàrá. Ó rẹ́rìn-ín: "Gbogbo wa ni, mà." Ó wá ń kà wọ́n: ẹni tó gún èèyàn lọ́bẹ, onígbájúẹ̀ kan, bàbá arúgbó kan tí kò rẹ́ni gba béèlì rẹ̀.

Lórí ìwé, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ọ̀dọ́ ní Borstal, ọgbà àtúnṣe tiwọn, ní Kaduna, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ẹni tó ṣì ń retí ìdájọ́. Níbi tá a lọ, ti obìnrin nìkan ló jọ òótọ́. Ìyókù, owó ló ń pín in: olówó wà ní yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti fáànù, mẹ̀kúnnù ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní méjì-méjì. Àwọn àgbà ti sọ ti àgùntàn tó ń bá ajá rìn, ẹ bá mi parí ẹ̀.

Ẹ rántí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje l'Ábújá. Èèyàn 560 ni wọ́n kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Keje 2022, ó tó 994 tó wà níbẹ̀. Àwọn 64 tí wọ́n fẹ̀sùn Boko Haram kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn olè kéékèèké. Gbogbo 64 náà ló sá lọ.

Wọ́n á ní kò sáyè. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 kúkú fún àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n lágbára láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà bá ti kún. Nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá ní Nàìjíríà, ó ju mẹ́fà lọ tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹ yọ àwọn yẹn ná, kẹ́ ẹ wo bí àyè á ṣe yọ!

Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ọmọ yẹn ní kí màmá fọkàn balẹ̀, onígbájúẹ̀ yẹn ti ń kọ́ òun níṣẹ́. Inú màmá dùn, ó rò pé iṣẹ́ télọ̀ ni. Mi ò là á yé e.