Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Là Ń Bẹ̀rù

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Ìyá mi a máa pa òwe yìí nígbà tó bá rán mi lọ gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà tí ẹnu rẹ̀ mú. Ọjọ́ tó tún sọ sí mi lọ́kàn, orí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo wà. Aṣòfin tí àdúgbò wa dìbò fún ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ sórí yanrìn tí oòrùn ti yan, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe ọkùnrin tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní "bàbá wa". Owó ìlú ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ ọ̀hún. Àwòrán ọkùnrin náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ẹni tó ránṣẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ìránṣẹ́ wà lórí àga. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí ibi tí òmìnira ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ẹ wo orúkọ tí a fún un ná. Aṣojú: ẹni tó lọ ṣe ojú fún wa níbi tí ojú tiwa kò dé. Nàìjíríà tóbi, gbogbo wa kò lè lọ jókòó sí Àbújá, la ṣe yan 360 sí ilé aṣojú-ṣòfin àti 109 sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ojú la fún wọn, a kò fún wọn ní orí wa. Àwọn bàbá wa sì ti wí pé kò sí òrìṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Ohun tí mò ń pè ní orí níbí ni pé kí n sùn sílé mi kí ẹnikẹ́ni má wá gbé mi lóru láìnídìí. Kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Kí n sin Ọlọ́run bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀nyí kò sí nínú ẹrù tí a dì fún ìránṣẹ́.

Ìwé òfin 1999 pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin Àbújá bá fohùn ṣọ̀kan, tí ìpínlẹ̀ 24 sì fọwọ́ sí i, wọ́n lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n orí kẹrin, níbi tí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ pé ní ilé méjèèjì. Ìbò rẹpẹtẹ tí èèyàn fi wọlé kò tó o fi wọ́gi lé e.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta mọ ọ̀rọ̀ ojú àti orí yìí kó tó di pé a bí púpọ̀ nínú wa. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin níbẹ̀, ọmọdébìnrin ọdún 15 gan-an ń san án. Wọ́n ń san owó orí, wọn kò ní ojú kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bu owó lé wọn. Agbowó-orí a sì máa tú ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí í san. Mo máa ń dúró síbi ọ̀rọ̀ yìí tí mo bá ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ mi. Níbi tí ẹ kò bá ti ní ojú, ara yín pàápàá kì í ṣe tiyín mọ́. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, lọ jókòó sí ààfin, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọba padà wálé ní 1950, ṣùgbọ́n ìlú tó bá kì í ṣe ìlú àtẹ̀yìnwá.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ológun àti alágbádá, ọ̀kan náà ni wọ́n. N kò gbà. Ní 1984, tí kò sí aṣojú kankan, òfin ológun nọ́ńbà 2 fún ìjọba láyè láti ti èèyàn mọ́lé láìgbé e dé kóòtù. Nọ́ńbà 4 ló rán akọ̀ròyìn méjì, Túndé Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní 2019, tí wọ́n gbé àbá òfin tó fẹ́ fi ìjánu sí ẹnu wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá sílé aṣòfin àgbà, a pariwo, kò sì di òfin. Ta ni ìbá pariwo lé sójà lórí ní 1984?

Òwe kejì wà tí mo fẹ́ kí àwọn aṣojú fúnra wọn gbọ́: "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ." Nígbà mìíràn, àwa tí à ń ránṣẹ́ la máa ń rán iṣẹ́ burúkú. Bí ọjà bá ń ké pé kí wọ́n dáná sun ẹni tí wọ́n pè lólè, ọmọlúàbí aṣojú kò ní gbé ariwo yẹn lọ Àbújá. Orí ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ èrò, orí ni.

Ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ládùúgbò wa. Ọlọ́pàá wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tì lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nítorí gbèsè, wọ́n bá mú àbúrò. Mo tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ iye tí a máa mú wá. Òfin ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi tì í mọ́lé kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti àgọ́ yẹn kò ní làágùn kó tó dé kóòtù. Òfin 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn tún sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, àwọn aṣojú wa náà ló ṣe òfin yẹn. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́rin. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Kò sí ẹni tó pariwo fún ọmọ wẹ́dà.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín ni pé ká mọ ohun tí a ó máa bi ìránṣẹ́ wa. Ìwé òfin fún àwọn aṣòfin lágbára láti pe iléeṣẹ́ ìjọba wá jẹ́jọ́ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀rọ ìlọta kò sí nínú iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí aṣòfin wa tún wá bá àdúgbò ṣèpàdé, ìyá ọmọ wẹ́dà dìde. Kò kúnlẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó ní, "Ọmọ mi sùn látìmọ́lé ọjọ́ mẹ́rin nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òfin tẹ́ ẹ lọ ṣe yẹn, ta ló ń bá wa wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀lé e?" Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọkùnrin náà béèrè orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá ọ̀hún, ó ní kí akọ̀wé òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá náà rìn lọ bá akọ̀wé, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.