Ààlà tó wà láàárín odò ò pín ẹja

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé tí ìpínlẹ̀ méjì bá jọ ni odò, kálukú á kàn máa ṣe bó ṣe wù ú lápá tiẹ̀, ẹ wo Odò Columbia tó pààlà láàárín Oregon àti Washington l'Amẹ́ríkà. Ààlà wà láàárín omi lóòótọ́, ẹ máa rí i nínú máàpù, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ẹja, kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́.

Sámọ́nì, ẹja tí wọ́n ń pa jù níbẹ̀, kì í gbé ojú kan. Inú òkun ló ti ń bọ̀, ó ń gòkè odò lọ yé ẹyin síbi tí wọ́n bí i sí, èyí tó wà lápá Oregon láàárọ̀ lè ti bọ́ sápá Washington kó tó dọ̀sán, ta ló fẹ́ béèrè ìlú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?

Wọ́n ti gbìyànjú kálukú-ń-ṣe-tiẹ̀ rí o. Lọ́dún 1908, àwọn aláwọ̀n ìsàlẹ̀ odò gbé òfin wá fún àwọn olùdìbò Oregon tó máa fún àwọn tòkè lọ́rùn, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí kó ẹja, làwọn tòkè náà bá gbé tiwọn wá tó máa fún àwọn tìsàlẹ̀ lọ́rùn, ni wọ́n bá dìbò wọlé fún méjèèjì! Ẹ̀rín ṣì ń pa mí. Lọ́dún 1909, ọ̀rọ̀ apẹja kan tó ń jẹ́ Nielsen dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà: Washington fún un ní láísẹ́ǹsì, apá Washington ló ti ń pẹja, Oregon wá fìyà jẹ ẹ́ torí irú àwọ̀n tó lò. Ilé-ẹjọ́ ní Oregon ò lẹ́tọ̀ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìpínlẹ̀ méjèèjì fi ṣàdéhùn, Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin àpapọ̀, fọwọ́ sí i ní 1918: òfin ẹja omi tí wọ́n jọ ni, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá yí i padà. Títí dòní, kí wọ́n tó ṣí odò fáwọn tó ń pẹja tà, àwọn aṣojú méjèèjì á jókòó, wọ́n á wo iye ẹja tó ti gba Bonneville Dam, odi ńlá tí wọ́n fi sé odò náà, kọjá (wọ́n ń kà á ní tòótọ́, láti ojú fèrèsé gíláàsì), àwọn apẹja náà á sọ tẹnu wọn. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ ṣeré nínú bóòtù, láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì ló lè fi pẹja dé apá kejì. Tó bá jẹ́ bèbè odò ló dúró sí, ó di dandan kó ní ti ìpínlẹ̀ tó ni bèbè yẹn.

Àwọn méjèèjì náà kọ́ ló dá ni ín o. Yakama, Umatilla, Warm Springs àti Nez Perce, àwọn tó ni ilẹ̀ látilẹ̀, ti bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé ní 1855, kọ́ọ̀tù sì sọ ní 1969 pé ìpín tó tọ́ gbọ́dọ̀ kàn wọ́n. Kódà, láti Bonneville dé McNary, odi míì tó wà lókè odò, àwọn nìkan ló lè pẹja tà. Àwọn kan ń pè é lójúsàájú, irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ta wọ́n lọ́rẹ, ìgbà tí wọ́n ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹ̀tọ́ yẹn sọ́tọ̀ fúnra wọn.

Idaho, ìpínlẹ̀ tó múlé ti àwọn méjèèjì, ni mo káàánú. Sámọ́nì ń gba Odò Snake débẹ̀ lọ yé ẹyin, síbẹ̀ kò sí nínú àdéhùn 1918 yẹn, ó pe Oregon àti Washington lẹ́jọ́ nílé-ẹjọ́ tó ga jù, ní 1983 wọ́n dá ẹjọ́ ẹ̀ nù.