Ìpókíà Di Òkè Òkun

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo wa níbí, ẹ bá mi gbọ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìyàwó lóṣù kẹta, ará Ìpókíà lọkọ, Ìpókíà náà ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, kò sí wàhálà, àfi bí PDF kan ṣe já bọ́ sórí wásáàpù ẹbí lálẹ́ ọjọ́ kan, ojú ìwé 9 gbáko, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹ̀ pé "Ìtọ́sọ́nà Ìrìnàjò fún Àwọn Àlejò Wa Láti Òkè Òkun".

Òkè òkun kẹ̀! Láti Àjàṣẹ́ dé Ìgólò ò tó 40 kìlómítà, tó o bá sì ti dé Ìgólò, Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà lo ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Màmá Àgbà wa, tó ti ń ru gàrí kọjá níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ìyàwó, ní kí n ka ìwé náà sóun létí. Mo kà á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òkun wo la máa kọjá?"

Àṣà tuntun ló dé yìí. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó lọ́hùn-ún, ọjọ́, aṣọ ẹbí, iye aṣọ ẹbí, ó parí. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà sáàárín wa ní 1889, a rò pé ẹ̀gàn ni, àṣé iyì ni wọ́n ń tọ́jú dè wá, torí láìsí ìlà yẹn, ta ló máa pe Ìpókíà ní ìdálẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ka díẹ̀ fún yín. Ojú ìwé kejì: ká tètè lọ béèrè físà. Ọmọ ECOWAS, tó lè gbé 90 ọjọ́ ní Nàìjíríà láìsí físà kankan! Ojú ìwé kẹrin: ká mú kóòtù òtútù dání torí alẹ́ máa ń tutù, lóṣù kẹta o, ìgbà tí oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo. Ojú ìwé kẹfà: ká ṣọ́ra fún àwọn ẹyẹlé tó wà ní gbàgede ìlú. Ibẹ̀ lara ti fu mí pé ìwé àwọn tó ń lọ Ítálì lẹnì kan dà kọ. Ojú ìwé kẹjọ ló wá pa mí: ká kọ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú èdè àwọn ará ibẹ̀ kí inú wọn lè dùn sí wa. Àkọ́kọ́ ni "Ẹ káàárọ̀".

Mo pe ìyàwó. Ó ní, "Tàńtí, ẹ má bínú, gbogbo ìgbéyàwó tó lórúkọ ló ń ní i báyìí."

Ó dáa. Ọjọ́ pé, a gbéra, àwọn kan tẹ ìwé náà jáde, wọ́n fi sí fáìlì bí ẹni tó ń lọ kọ ìdánwò. A dé bọ́dà, wọ́n ní ìwé pélébé yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú dà? Kò sí nínú ojú ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Èèyàn mẹ́rin nínú wa ò ní, wọ́n dúró síbẹ̀ tàwọn ti fáìlì. Màmá Àgbà fa tiwọn yọ láti inú àpò abẹ́ ìró, ó ti gbó, etí ẹ̀ ti ká kò, wọ́n kọjá, wọ́n tún kí ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ pé ìyàwó ńkọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ohun tó yẹ kí wọ́n kọ. Fóònù mi ti kú, mo gbé ṣáàjà mi, ẹsẹ̀ méjì roboto bí a ṣe ń lò ó nílé, mo wo ara ògiri, ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin ló ń wò mí. Mo tì í títí, kò wọlé. Ọmọkùnrin kékeré kan níbẹ̀ wò mí tàánútàánú, ó mú ìdérí báírò, ó ki ẹnu ẹ̀ bọ ihò tòkè, ó tẹ̀ ẹ́, méjì ìsàlẹ̀ là gbayawu, ṣáàjà mi wọlé wẹ́rẹ́. Àyà mi ń já (ẹ má dán an wò o), àmọ́ iná wọ fóònù.

Owó níná ńkọ́? Ìwé wọn ní ká ṣẹ́ sẹ̀fà sí náírà tuntun wínníwínní ká lè rí ná fún ìyàwó. Òfin báńkì àgbà Nàìjíríà ti 2007 sì sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lóde àríyá lè sanwó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ìyẹn ni ìtọ́sọ́nà! Ẹyẹlé ni wọ́n ń ṣọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń rán wa lọ.

Lánàá, òmíràn wọlé sórí wásáàpù. Ìkómọ, ní Ṣàkẹ́tẹ́, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ojú ìwé 12, wọ́n ní ká má gbàgbé páspọ́ọ̀tù. Màmá Àgbà ní kí n bá àwọn wá kóòtù yẹn.