Irọ́ ni pé kì í ṣe ẹni tí ò lówó ló ń wo Lọ́ńdọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Nílùú Ìbàdàn níbí, tí ọmọ iléèwé bá ti la ẹnu pé òun fẹ́ lọ wo Lọ́ńdọ̀n, kó kàn lọ wò ó kó sì padà wálé, "èló lo ní?" ni wọ́n á kọ́kọ́ bi í. Wọ́n á ní tó o bá ti yọ ẹsẹ̀ síta pẹ́nrẹ́n, owó ti lọ nìyẹn, pé àfi kó o jókòó sílé ẹni tó gbà ẹ́ lálejò kó o máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ọjọ́ ìpadàbọ̀ ẹ fi máa pé. Bùrọ̀dá kan ládùúgbò wa ní Bódìjà tó ti gbébẹ̀ rí ló tẹnu mọ́ ọn jù fún mi, ó ní afẹ́fẹ́ nìkan ni wọn kì í gbowó ẹ̀ níbẹ̀.

Mo gbà á gbọ́ o. Mo gbà á gbọ́ débi pé nígbà tí àǹtí mi, àbúrò màámi tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀n, ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun nígbà họlidé ọdún 2024, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé mi ò lọ, torí mo ń rò ó pé kí ni mo fẹ́ lọ fowó tí mi ò ní ṣe níbẹ̀.

Ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́. Owó fìzà le, owó báàlù le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àjọ tí màámi ń dá lọ́jà Òjé ló bọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi sì fi tiẹ̀ kún un. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀fẹ́ ni mo fi débẹ̀. Àmọ́ níbi fìzà yẹn náà, irọ́ kan tún wà níbẹ̀ tó ń ba nǹkan jẹ́ fáwọn èèyàn wa, pé o gbọ́dọ̀ lọ yá mílíọ̀nù gọbọi kó o dà á sínú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ méjì sígbà tó o fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Kò sí iye kan pàtó tí òfin fìzà àbẹ̀wò UK sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá owó tó o ní tó ìrìn tó o fẹ́ rìn, ibo lowó náà ti wá, àti pé ṣé o máa padà sílé lóòótọ́. Owó tó ṣàdédé já wọ inú àkáǹtì lóru ọjọ́ kan, òun gan-an ló ń mú kí wọ́n fura sí èèyàn. Ó tó báyìí lórí ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ ibi téèyàn bá ti débẹ̀ tán ni mo wá sọ.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni àǹtí mú káàdì Oyster ẹ̀ kan tó ti pẹ́, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí n lọ fowó sí i ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀nà wọn. Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá yẹn ti kọ́kọ́ já lójú mi. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀n kì í gbowó lọ́wọ́ èèyàn mọ́ láti ọdún 2014, káàdì lo máa fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, á dún píì, ó parí. £1.75 ni nígbà tí mo lọ. Kì í ṣe bíi táàsì Máíkírà wa tó jẹ́ pé owó Ìwó Road sí Dùgbẹ̀ yàtọ̀ sí owó Ìwó Road sí Mọ́kọ́lá o, iye kan náà ni, bó o lọ bọ́sítọ́ọ̀bù kan, bó o lọ ogún. Tó o bá sọ̀kalẹ̀ tó o sì wọ òmíì kó tó pé wákàtí kan tó o ti kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ lára owó ẹ. Tí wọ́n bá wá ti yọ £1.75 yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, ìyẹn £5.25 nígbà náà, gbogbo bọ́ọ̀sì tó kù tó o bá wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni.

Bọ́ọ̀sì 12 ló ń kọjá lọ́dọ̀ àǹtí. Ó ní "sáà ti gòkè lọ jókòó síwájú pátápátá, má sì sùn". Mo gòkè, mo jókòó ti gíláàsì ńlá iwájú yẹn, a gba Camberwell, a gba Walworth Road, a yí po ní Elephant and Castle, ká tó pajú pẹ́ a ti wà lórí afárá Westminster, odò Thames wà nísàlẹ̀ wa, London Eye wà lápá ọ̀tún, ilé aṣòfin wọn wà lápá òsì pẹ̀lú ilé gogoro alágogo tí gbogbo wa mọ̀ nínú kàlẹ́ńdà. (Big Ben tá a máa ń pè é yẹn, agogo ńlá tó wà nínú ẹ̀ ló ni orúkọ náà, Elizabeth Tower ni wọ́n ń pe ilé náà fúnra ẹ̀ láti ọdún 2012.) Àwọn kan ń sanwó rẹpẹtẹ fún bọ́ọ̀sì àlejò tí wọ́n ṣí lórí kí wọ́n lè rí ohun tí mo fi £1.75 rí yẹn.

Ẹ wá gbọ́ tàwọn mùsíọ́mù. British Museum tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fáráàlú láti 1759, ọ̀fẹ́. National Gallery ní Trafalgar Square tó pé igba ọdún lọ́dún tí mo lọ yẹn gan-an, ọ̀fẹ́. Tate Modern tó jẹ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́. Natural History Museum tí wọ́n so egungun ẹja àbùùbùtán odidi kan rọ̀ lókè àjà, Science Museum àti Victoria and Albert Museum (V&A), ojúlé sójúlé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní South Kensington, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àwọn kan nínú wọn gbowó ẹnu ọ̀nà rí, àmọ́ láti ìparí ọdún 2001 ìjọba ti jẹ́ kó di ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe fáwọn ọmọ onílùú nìkan, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ìpàtẹ àkànṣe nìkan ni wọ́n máa ń gbowó ẹ̀, èyí tó bá sì gbowó á ti kọ ọ́ síta gbàgàdà.

Ní British Museum, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n kó ohun tó wá láti Áfíríkà sí, ni mo bá ṣe kòńgẹ́ orí Ifẹ̀, ère orí tí wọ́n fi idẹ rọ, nínú gíláàsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró gbagidi. Kò tóbi o, fi díẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Àwọn ilà tín-ín-rín já wálẹ̀ láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, ọ̀kan ò fara kan ìkejì, ètè nìkan ni wọn ò fà á sí. Ohun tó dúró ṣánṣán níwájú adé ẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ lókè, tó o bá sì tẹjú mọ́ adé náà wàá rí àwọ̀ pupa tó ṣẹ́ kù sára ẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́. Ọdún 1938 làwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni kàn án nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ọdún kejì ẹ̀ ó ti di ti Lọ́ńdọ̀n. Ọmọ òyìnbó kékeré kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi pẹ́ńsù ya orí náà sínú ìwé, ó ń fìka ka àwọn ilà ojú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa fò ọ̀kan. Omi bọ́ lójú mi. Ó dùn mí pé ibẹ̀ ló wà, ó sì tún dùn mí pé láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò pé wákàtí méjì tí ọkọ̀ bá já geere, síbẹ̀ mi ò tíì lọ wo àwọn tó ṣẹ́ kù nílé rí.

Nígbà tí mo jáde, mo gba ẹ̀yìn mùsíọ́mù náà, mo bá Senate House, ilé gíga funfun tó jẹ́ ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n. Mo dúró wò ó dáadáa torí abẹ́ wọn ni UI wà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1948, ìwé ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀n làwọn bàbá wa ń gbà nílẹ̀ Ìbàdàn níbí títí UI fi dá dúró ní 1962, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fojú kan ilé yìí rí. Russell Square wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bẹ́ǹṣì pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣí ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí àǹtí dì fún mi. Oúnjẹ nìyẹn, nítorí òótọ́ ni pé tó o bá ń jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ ní gbogbo ìgbà, owó ẹ máa gbẹ.

Mo tún wọ ilé aṣòfin wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kejì, rárá o, ọ̀sẹ̀ kìíní ni, kí wọ́n tó lọ fún họlidé tiwọn. O máa tò, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bíi ti eápọ́ọ̀tù, lẹ́yìn náà wàá gba inú Westminster Hall tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti ọdún 1097, wàá gòkè lọ jókòó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń gbowó wà o. Tower of London ń gbowó, London Eye ń gbowó. Westminster Abbey ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá wòran, àmọ́ tó o bá wá jọ́sìn, ọ̀fẹ́ ni, mo lọ fún àdúrà ìrọ̀lẹ́ wọn níbẹ̀, orin akọrin wọn ṣì wà létí mi. Mo ń kọ gbogbo owó tí mo ná sínú ìwé kékeré kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jáde káàkiri, £38.50 péré ni gbogbo owó bọ́ọ̀sì mi.

Kí ló wá dé tí bùrọ̀dá yẹn fi sọ ohun tó sọ? Mi ò rò pé ó fẹ́ tàn mí. Ẹ wo àǹtí mi náà, ọdún méjìdínlógún ló ti lò ní Lọ́ńdọ̀n, kò wọ British Museum rí kí n tó dé. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, tó bá dé láàárọ̀ oorun ló kàn, Sunday ṣọ́ọ̀ṣì, owó iléèwé ọmọ ń bọ̀ lọ́tùn-ún, owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ń bọ̀ lósì. Ìlú tó mọ̀ ni ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti Rye Lane tó ti ń ra iṣu. Ẹni tó bá ń ṣe báyẹn fún ọdún gbọọrọ tó sì ń sọ gbogbo pọ́n-ùn di náírà lọ́kàn ẹ̀, á máa rò pé gbogbo ilẹ̀kùn tí òun ò wọ̀ rí, owó ló dí i. Bó ṣe bọ́ sẹ́nu wa nílé nìyẹn, tó sì ń já àwọn ọmọ láyà.

Sátidé tó kẹ́yìn, mo bẹ àǹtí kó jẹ́ ká jọ lọ sí British Museum. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń ṣí báàgì ẹ̀ láti wá káàdì báǹkì, ó bi mí pé "èló ni tèèyàn méjì?" Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ yọjú wo inú báàgì náà, bóyá ohun ìjà wà níbẹ̀, ó ní kó máa wọlé. Àǹtí ṣì dúró, ó ń wojú mi. Mo fà á lọ́wọ́, a sọ̀kalẹ̀ lọ bá orí Ifẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló bá yọ fóònù ó pe màámi lórí WhatsApp, ó yí kámẹ́rà sí i. Ariwo ọjà Òjé gba gbogbo ibẹ̀ kan. Màámi wò ó títí, ó pe ìyá aláṣọ òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó wá wò ó, ìyẹn kúnlẹ̀ níwájú fóònù. Lẹ́yìn náà màámi wá bi wá pé èló la san ká tó wọlé, àǹtí mi ló dá a lóhùn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò san nǹkan kan."