Kò Sẹ́ni Tó Ń Ṣe Sinimá Nípa Ẹni Tó Ń Fi Ìda Ra Síkì

Bí o bá ti gba wúrà nínú eré ìdárayá ní Rọ́ṣíà, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Jókòó sílé, kí o wá fọ́tò ìgbà èwe rẹ jáde, torí àwọn onísinimá ń bọ̀ wá kàn ọ́. Ní 2013, Valeri Kharlamov tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín ni wọ́n gbé sójú agbo, owó sì wọlé wìtìwìtì. Láti ìgbà náà lọ̀rọ̀ ti di èmi-ò-ní-gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní 2017, wọ́n ṣe ti Lev Yashin aṣọ́lé ní 2019, wọ́n ṣe ti Eduard Streltsov agbábọ́ọ̀lù ní 2020. Nígbà tí 2021 fi máa parí, wọ́n ti dórí Anatoly Karpov, ọ̀gá nínú ayò chess. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin méjì jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ pátákó, ọ̀kan nawọ́, ó tún fà á padà, kí ìlù sì máa dún kíkankíkan lẹ́yìn wọn bí ẹni pé ogun Kírìjì ló tún bẹ́!

Ọdún yẹn kan náà ni ti Yelena Välbe jáde, obìnrin tó fi síkì, pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dè mẹ́sẹ̀ láti máa yọ̀ lọ, rin yìnyín já. Yìnyín Funfun ni wọ́n pe sinimá náà.

Bó o bá ti wo ọ̀kan nínú irú sinimá wọ̀nyí, o ti wo gbogbo wọn nìyẹn. Ọmọ kan á wà níbi tó jìnnà, tí ìyà ti ń jẹ ẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan á wà tí kò ní rẹ́rìn-ín títí sinimá á fi ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá ìjọba kan tó wé táì mọ́rùn á sọ pé ọmọ náà ò lè ṣe é. Ọmọ náà á ṣubú. Á dìde. Á ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, torí owó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ àṣekágbá, gbogbo nǹkan á wá máa falẹ̀, òógùn á máa kán tó-tó-tó, o lè lọ dáná ọbẹ̀ kó o padà kó ṣì ku mítà méjì kó dé òpin. Bó bá tán, wọ́n á fi fọ́tò onítọ̀hún gan-an hàn wá, ká lè rí i pé ẹni tó ṣe é nínú sinimá rẹwà jù ú lọ.

Ti Kharlamov ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lóòótọ́, ará Spéènì ni ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì gbé ní ìlú Bilbao níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìyẹn ò tó wọn. Sinimá kàn bẹ̀rẹ̀ báyìí, akọ màlúù tú sígboro, wọ́n ń rọ́ bọ̀, làwọn àgbà bá ń sá àsálà, ni ọmọdé kan bá kó sáàárín wọn láti lọ gba ọmọ ajá là. Ọmọ ajá o! Ẹni tó gba wúrà Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, àfi kó kọ́kọ́ yọ ajá nínú ewu ká tó gbà pé akọni ni.

Ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ délé ẹjọ́. Opó akọ́nimọ̀ọ́gbá àti opó ọ̀kan lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà ló yarí pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ilé àwọn dìran wíwò. Sinimá jáde ṣá. Vladimir Kondrashin, ẹni tó kọ́ ẹgbẹ́ tó gba wúrà mọ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní Òlíńpíìkì Munich ní 1972, wá di Garanzhin. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ bàbá olóòótọ́, wọ́n ní ìtàn òótọ́ làwọn ń sọ.

Ohun tó ń dùn mí nípa Välbe ni pé ìtàn tirẹ̀ ò nílò irọ́ kankan. Magadan ni wọ́n bí i sí ní 1968, ibi tí ìjọba Stalin ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ láyé ijọ́un. Ó gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, àmọ́ tó bá ti di Òlíńpíìkì, orí kì í gbè é tó bá dá nìkan wà. Wúrà mẹ́ta tó gbà níbẹ̀, ti ẹlẹ́ni mẹ́rin ni gbogbo wọn. Ní 1992, ìdíje mẹ́rin ló dá wọ̀, ipò kẹta ló ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ipò kẹta lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Bóyá ẹnì kan ló so ó mọ́ ipò kẹta.

Ó wá di ìdíje àgbáyé ní Trondheim, ní Norway, lọ́dún 1997. Ìdíje márùn-ún ló wà fáwọn obìnrin, márààrún ló kó délé. Nínú ọ̀kan, ọmọ ìlú rẹ̀, Lyubov Yegorova, ló kọ́kọ́ gbégbá orókè. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá oògùn afúnilókun tí wọ́n ń pè ní bromantan lára rẹ̀, ni wúrà bá kúrò lọ́rùn rẹ̀ bọ́ sí ti Välbe. Nínú òmíràn, òun àti Stefania Belmondo ará Ítálì jọ já wọlé ni, àfìgbà tí wọ́n wo fọ́tò kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣíwájú. Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá rí irú nǹkan báyìí gbà, tó tún ń wá omi ojú kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sì rántí pé Välbe ò kú, kò sì rọ̀gbọ̀kú sílé. Láti 2010 ló ti di ààrẹ àjọ tó ń rí sí eré síkì ní Rọ́ṣíà. Ta ni yóò wá dìde nípàdé àwọn onísinimá pé, ẹ jẹ́ ká fi ibi tí ọ̀gá ti ṣe àṣìṣe sí i? Onílù tó dúró níwájú olówó, èébú kọ́ ni yóò lù.

Ní tèmi o, ẹni tí mo fẹ́ wo sinimá rẹ̀ ni ẹni tó ń fi ìda ra síkì. Ẹ ò mọ̀ pé ogun gidi ti ń jà kí eléré tó wọ bàtà. Norway ní odindi ọkọ̀ àjàgbé tí wọ́n ń gbé kiri fún iṣẹ́ ìda nìkan. Àwọn àgbà ọkùnrin á wọ inú rẹ̀, wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù lé síkì, wọ́n á fi mú ìda yọ́ sí i lábẹ́, kó lè yọ̀ lọ dáadáa, kó má sì yọ̀ padà lórí òkè. Yìnyín àárọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀sán. Bí oòrùn bá fẹjú díẹ̀ báyìí, ìda àárọ̀ ti dọ̀tá: ẹni tó yẹ kó máa gun òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn, ẹni tí kò tó fọ́n-ọ́n á máa kọjá lára rẹ̀. Láti sáà 2023 sí 2024, wọ́n ti fòfin de ìda oní-fluorine, kẹ́míkà tó ń mú kí síkì yára, pátápátá, wọ́n ń yẹ síkì wò bí wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò. Àmọ́ bàbá tó ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ìda kì í sunkún dáadáa, wọn ò lè lò ó.

Finland náà ní ìtàn tiwọn tó yẹ fún sinimá. Ìdíje àgbáyé ń lọ ní Lahti ní 2001, nílé ara wọn, wọ́n wá rí báàgì kan nílé epo nítòsí pápákọ̀ òfurufú Helsinki. Wọ́n tú u wò: abẹ́rẹ́, àti àpò omi tí wọ́n ń fà síni lára, ti ẹgbẹ́ Finland! Nígbà tí gbogbo rẹ̀ máa fi rọlẹ̀, mẹ́fà lára eléré wọn ni wọ́n ti ká oògùn mọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan gbàgbé báàgì, àṣírí orílẹ̀-èdè ló gbàgbé sílé epo.

Mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwa òǹwòran. Ẹni tí kì í gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan láìsinmi, bó bá ti wo irú sinimá yìí tán lóru, á gbé e sórí WhatsApp pé àárẹ̀ ò sí fún akọni, pé aago márùn-ún ìdájí lòun máa bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Aago márùn-ún á lù. Akọni á yí padà sí ògiri.

Ẹ̀rù tó wá ń bà mí ni ti Philip Boit. Ará Kẹ́ńyà ni, eré ẹsẹ̀ ló ń sá kí iléeṣẹ́ Nike tó gbé e lọ sí Finland ní 1996 pé kó lọ kọ́ síkì. Ní Òlíńpíìkì Nagano ní 1998, nínú ìdíje kìlómítà mẹ́wàá, òun ló gbẹ́yìn, ó ṣe ipò 92. Bjørn Dæhlie ará Norway ti gba wúrà láti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, àmọ́ kò lọ, ó dúró dè é níbi òpin eré, ó gbá a mọ́ra. Boit délé, ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Daehlie. Kò sí àbùmọ́ nínú ẹ̀, kò sí ajá. Mo sì ti mọ bí wọn yóò ṣe ṣe é: wọ́n á yọ Nike kúrò, wọ́n á fi òyìnbó onínúure kan tó sọnù sínú igbó rọ́pò rẹ̀. Bàbá Boit á gba síkì lọ́wọ́ rẹ̀, á fi dáná. Kìnnìún á lé e. Dæhlie á máa sọ ìtàn náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, Boit á sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.