Ẹ Kọ Gíga Òpó Náà Sínú Òfin

Ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ilẹ̀ ní ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò yà wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó dùn wá. Ẹ ti gbọ́ bó ṣe lọ. Ọmọ Yorùbá kan tó ní ìwé àṣẹ rédíò ham, ìyẹn rédíò tí ènìyàn fi ń bá àwọn tó wà nítòsí àti lókèèrè sọ̀rọ̀ láti ilé rẹ̀ láì fi ṣe òwò, béèrè láti gbé òpó eríálì ẹsẹ̀ bàtà 65 nàró sẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀. Wọ́n ní rárá, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. A kò ní dárúkọ ìlú náà tàbí ọkùnrin náà, nítorí ó ti gbé ẹ̀hónú rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, a kò sì fẹ́ kí ohunkóhun tí a bá kọ ṣàkóbá fún un.

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ̀rọ̀ lórí èyí rí. A sọ ọ́ lẹ́yìn ìjì Beryl, a tún sọ ọ́ nígbà tí ìlú ń yẹ ìwé òfin ìlò ilẹ̀ rẹ̀ wò: ẹ kọ iye tí òpó rédíò lè ga tó sínú òfin, ní nọ́ńbà, kí ẹni tí òpó rẹ̀ kò bá kọjá nọ́ńbà yẹn lọ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lórí káńtà bí ẹni tó fẹ́ kọ́ gárééjì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ohun tí wọ́n wá fi sílẹ̀ nínú ìwé ni gbólóhùn kan pé ohunkóhun tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ gbọ́dọ̀ wá gba àyè pàtàkì níwájú ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ sì ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú wọn. Èso gbólóhùn yẹn ni a rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹsẹ̀ bàtà 35 jẹ́ ìwọ̀n òrùlé. Kí ẹnì kan má baà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin sáàárín àwọn ilé ilẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eríálì kì í ṣe òrùlé, kò sì sí ẹni tó ń gbé e ga nítorí fáàrí. Rédíò ham ní bándì kan tí wọ́n ń pè ní mítà 40, torí pé ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 40. Bí ènìyàn bá na wáyà eríálì rẹ̀ gbalaja sí ẹsẹ̀ bàtà 35, ìyẹn mítà mọ́kànlá ó dín díẹ̀, gíga náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì lọ. Ní irú gíga bẹ́ẹ̀, òkè tààrà ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ máa ń lọ, yóò sì padà bọ́ sí ìtòsí. Ìyẹn tó fún ẹni tó fẹ́ bá Austin tàbí Dallas sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ bá Èkó sọ̀rọ̀, tó ju kìlómítà 10,000 lọ sí Houston, ń fẹ́ kí ìgbì rẹ̀ jáde nílẹ̀ nílẹ̀, kó rìn jìnnà kó tó kan apá òfuurufú tó ń dá a padà sílẹ̀ ayé. Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa, eríálì ní láti ga tó ìdajì ìgbì. Ìdajì mítà 40 ni mítà 20. Mítà 20 ni ẹsẹ̀ bàtà 65 àti díẹ̀.

Ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí ọkùnrin náà béèrè ti wá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó ya àwòrán ẹ̀yìnkùlé, ó fi ibi tí ihò kọnkéré yóò wà hàn, ó fi jíjìnnà rẹ̀ sí ọgbà aládùúgbò kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ó so ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó sọ irú afẹ́fẹ́ tí òpó náà lè fara dà. Kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó bi í ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá kò ní fóònù.

Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò le. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifóònù, gbé ìpinnu PRB-1 jáde. Ó gbà pé ìlú lè ṣòfin lórí ibi tí eríálì yóò wà, bí yóò ṣe ga tó àti bí wọn yóò ṣe fi nǹkan bò ó, nítorí ìlera, ààbò tàbí ẹwà. Ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè tó bójú mu sílẹ̀ fún oní-rédíò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fúyẹ́ jù lọ tí ìlú lè fi rí ohun tó ń fẹ́. Ní 1999, àwọn aṣòfin Texas sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀. Abala 250.002 nínú ìwé òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ìlú tàbí káúntì kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin tó lòdì sí PRB-1, kò sì gbọ́dọ̀ lo èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni FCC tún là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe kí ìlú gbé ìfẹ́ oní-rédíò àti ìfẹ́ aládùúgbò sórí òṣùwọ̀n láti mọ èyí tó wúwo jù. Àyè tó bójú mu ni kí ó fi sílẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ wá sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé àwọn ti gbé ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ohun tí FCC ní kì í ṣe iṣẹ́ wọn gan-an ni ó ń fi yangàn. Agbẹjọ́rò ìlú sì jókòó sórí àga rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò lanu. Kí ni a ń fi owó orí wa san owó oṣù rẹ̀ fún? Bí ẹni tí a gbà láti mọ òfin kò bá lè sọ fún àwọn tó ń dìbò pé òfin kan wà, ta ni yóò sọ ọ́?

A kò sọ pé oní-rédíò ní ẹ̀tọ́ sí gíga tó bá wù ú. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ ẹlẹ́kùn kẹsàn-án gbè sẹ́yìn ìlú Burlingame ní California lórí òpó ẹsẹ̀ bàtà 51, nítorí pé ìlú náà fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún, ó sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1994, ilé ẹjọ́ ẹlẹ́kùn kẹjọ ṣe ìdájọ́ mìíràn fún Mendota Heights ní Minnesota. Ìlú yẹn ní òpó kò gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Obìnrin kan béèrè fún 68, wọ́n kọ̀ fún un, wọn kò sì fi ohun mìíràn tó lè wúlò lọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn kì í ṣe fífi àyè sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Texas kò sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú ẹlẹ́kùn méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìdájọ́ méjèèjì yóò rí i pé ohun tó ń gba ìlú là ni kí ó gbọ́, kí ó dúnàádúrà, kí ó sì sọ ìdí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kò ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn aládùúgbò tó wá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ilé ni ohun ìní tó tóbi jù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé iye rẹ̀ lè já wálẹ̀. Ẹnì kan ní bí ìjì bá dé, òpó náà lè wó lu àwọn ọmọ òun. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, ó sì ní ìdáhùn. Òpó tí ọkùnrin náà fẹ́ rà jẹ́ irú èyí tó ń wọnú ara rẹ̀: bí kò bá lò ó, yóò yí ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, á sì wálẹ̀ títí kó ṣẹ́ ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀. Bí ìkìlọ̀ ìjì bá ti jáde, yóò ti wà nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìbá ti kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé dandan ni kó máa sọ ọ́ kalẹ̀, kó sì fi nǹkan dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọmọdé má lè gùn ún. Ó ti ní òun gbà. Aládùúgbò náà ì bá ti lọ sílé pẹ̀lú ìdáhùn lọ́wọ́. Èyí tó ní tẹlifíṣọ̀n òun á máa hó, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ní agbára lórí ìyẹn, ìlú kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá ńkọ́? Ó yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé agbègbè yìí láti béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìjì Beryl wọ etíkun Texas ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ilé iṣẹ́ tí iná kú mọ́ lórí, nínú ooru, ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ọjọ́ púpọ̀. Fóònù tí kò rí iná gbà kì í pẹ́ kú, òpó ilé iṣẹ́ fóònù náà sì nílò iná. Nígbà tí ìjì Maria ba Puerto Rico jẹ́ ní 2017, tí ìsokọ́ra fóònù erékùṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán, Red Cross ti Amẹ́ríkà bẹ ẹgbẹ́ àwọn oní-ham pé kí wọ́n fún òun ní ènìyàn 50, kí wọ́n lè máa fi orúkọ àwọn tó wà láàyè ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn. Nígbà tí ìjì Helene gbá afárá àti ọ̀nà lọ ní ìwọ̀ oòrùn North Carolina ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ẹ̀rọ rédíò ham tó wà lórí òkè Mitchell ni àwọn ènìyàn fi ń béèrè oògùn, omi àti ìròyìn àwọn èèyàn wọn. Àwọn tó jókòó sídìí rédíò wọ̀nyẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Inú ilé wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́jọ́ tí kò sí ìjì. Ìlú kò lè fi òfin lé wọn kúrò nílé lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, kó máa wá wọn lọ́jọ́ tí omi bá dé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ díbọ́n pé àwọn kò mọ̀. Ìlú Houston fúnra rẹ̀ kò ní òfin ìpín ilẹ̀. Àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́ ní 1948, ní 1962 àti ní 1993. Ìwé àdéhùn ilé àti HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé tó ń ṣòfin fún àdúgbò wọn, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, PRB-1 kò sì kan HOA. Ilé aṣojú-ṣòfin ní Washington dìbò fún òfin tí ì bá tún un ṣe ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ó sì kú sọ́wọ́ ilé aṣòfin àgbà. Ìdí nìyẹn tí oní-ham tó mọ ohun tó ń ṣe fi ń wá ilé síbi tí kò sí HOA, lábẹ́ ìlú tí òfin ìpínlẹ̀ dè. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe gan-an nìyẹn. Ó yẹra fún ọgbà tó ní geeti àti adágún odò, ó ra ilé tó ti gbó, torí pé òfin ní ibẹ̀ ni òun ti lè ní òpó. Òun ni wọ́n wá ní kó lọ tẹ́ wáyà sórí òrùlé.

Ibi tí òfin bá ti fi ìpinnu sílẹ̀ fún bó bá ṣe tọ́ lójú ẹni tó jókòó, ojú ènìyàn ni wọ́n máa ń wò. Ẹni tó lè gba lọ́yà á rí tirẹ̀ gbà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ jọ tiwa, tó dá dúró síwájú gbohùngbohùn pẹ̀lú fáìlì lápá, wọn á ní àwọn yóò ronú sí i. Torí èyí ni a kò fi dákẹ́ lórí nọ́ńbà. Nọ́ńbà kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Virginia ti kọ tirẹ̀: níbi tí ènìyàn bá pọ̀ ju 120 lọ ní máìlì onígun mẹ́rin kan, ìjọba ìbílẹ̀ kò lè dí òpó tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ lọ́wọ́, níbi tí wọn kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó di 200. Káúntì Montgomery ní Maryland ya òpó tí kò ju 65 lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀, kò sì fi ọwọ́ kan náà mú méjèèjì. Iye ilé tó wà ní Montgomery ju tiwa lọ fíìfíì. Ojú ọ̀run wọn kò tíì já.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú kò tó ojú ìwé kan. Kí wọ́n yí ìpinnu ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà, kí wọ́n sì fún ọkùnrin náà ní ìwé àṣẹ pẹ̀lú àwọn àdéhùn tó ti ní òun gbà. Kí wọ́n kọ ẹsẹ̀ bàtà 75 sínú òfin fún òpó rédíò ham, pẹ̀lú ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ àti àyè tó tó láàárín òpó àti ọgbà aládùúgbò, kí akọ̀wé sì máa fọwọ́ sí i lórí káńtà. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kó wá síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò fún un lésì.

Mẹ́ta nínú àwọn aṣòfin yìí wá sí òde wa kí ìdìbò tó gbé wọn wọlé tó wáyé. Wọ́n wọ agbádá tí a rán fún wọn, wọ́n bá wa jó, wọ́n ní ilé wa ni ilé wọn. A ó wà ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀hónú náà, a ó sì tẹ orúkọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí kálukú ṣe dìbò. Kí wọ́n tó dì í, kí agbẹjọ́rò ìlú dìde, kó ka abala 250.002 sókè láti òkè délẹ̀, kó má fo gbólóhùn kankan.