Ẹni tí kò ní gba ẹ̀jẹ̀: ṣé kí wọ́n fi oògùn pe ìrọbí, àbí kó dúró?

Aláboyún tó ti pinnu pé òun kò ní gba ẹ̀jẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bóyá torí pé Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni, tàbí torí ohun mìíràn tó dá a lójú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀sẹ̀ 39 ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń béèrè pé, "Ṣé kí wọ́n fi oògùn pe ìrọbí mi, àbí kí n dúró títí yóò fi dé?" Ó yẹ kí ìdajì ìdáhùn náà ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12.

Èrò tèmi nìyí. Kíkọ ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó ìdí láti pe ìrọbí ṣáájú àsìkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró kọjá ọ̀sẹ̀ 41. Láàárín ibi méjèèjì yìí, PCV (ìdá tí hóró pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀), ọrùn ilé ọmọ àti ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ bímọ sí ló máa pinnu.

Ẹ jẹ́ ká fi PCV bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó wọn kílò 70, tí oṣù rẹ̀ ti pé, máa ń ní ẹ̀jẹ̀ tó bíi lítà 6 àbọ̀ lára. Ká ní lítà 2 dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n sì fi omi dírípù dí àlàfo náà. Bí PCV rẹ̀ bá jẹ́ 38 tẹ́lẹ̀, yóò bọ́ sí nǹkan bíi 27. Yóò rẹ̀ ẹ́, òòyì á máa kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ 27 ló fi wọ yàrá ìbímọ, ó ti bọ́ sí 19 nìyẹn. Bí lítà 2 mìíràn bá tún dà, ó di 13 tàbí 14, níbi tí ọkàn fúnra rẹ̀ kò ti ní rí atẹ́gùn tó tó mọ́. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló dà lára àwọn méjèèjì.

Torí náà, ọjọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún ni kí ẹ ti sọ pé ẹ ò ní gba ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tí ìyẹn sì ń mú kí àwọn kan dákẹ́ títí di ọjọ́ ìrọbí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn léwu ju kíkọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Lójú dókítà, PCV 33 ti tó fún aláboyún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní gba ẹ̀jẹ̀ ní láti wá 36 sókè. Hóró ferrous sulphate 200 mg kan ní èròjà irin bíi 65 mg nínú. Ẹ lò ó kí ẹ tó jẹun, ẹ fi omi ọsàn tì í. Ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì tì í, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn calcium, torí wọn kì í jẹ́ kí ìfun fa irin náà. Ìgbẹ́ á dúdú, kò léwu. Bí inú bá ń dà yín láàmú, ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kan. Ó sàn ju kí ẹ dá a dúró lọ. Bí ẹ bá ń lò ó déédéé, tí ibà tàbí aràn inú kò sì máa jẹ ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́yìn yín, PCV máa ń fi bíi 3 lé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ ṣírò ìyẹn dáadáa. Ó ṣòro kí ẹni tí PCV rẹ̀ jẹ́ 29 ní ọ̀sẹ̀ 32 fi hóró nìkan dé 36 kó tó bímọ. Kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ nípa irin tí wọ́n ń fà sí iṣan. Ferric carboxymaltose 1,000 mg máa ń wọlé tán láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ara fi ń sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ní ọ̀sẹ̀ 37, tí wọ́n wá fi oògùn pe ìrọbí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 38, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba oògùn náà dànù. Bí ara ìyá àti ọmọ bá dá ṣáṣá, tí PCV ń gòkè bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi dúró yẹn gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ọrùn ilé ọmọ ló kàn. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ induction, ìyẹn pípe ìrọbí, ó yẹ kí dókítà tàbí agbẹ̀bí ti fi ìka wo ohun márùn-ún: bó ṣe ṣí tó, bó ṣe fẹ́lẹ́ tó, bó ṣe rọ̀ tó, bóyá ó ti kọjú síwájú tàbí ó ṣì wà lẹ́yìn, àti bí orí ọmọ ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó. Bishop score ni wọ́n ń pe máàkì rẹ̀. Bó bá tó 8, ìrọbí tí wọ́n fi oògùn pè sábà máa ń lọ bí èyí tó wá fúnra rẹ̀. Bí kò bá tó 6, ọrùn ilé ọmọ kò tíì múra, wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú un rọ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé, lẹ́yìn tí ọmọ àti ibi ọmọ bá jáde, ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni kí ilé ọmọ sún kì, kó le, kí iṣan rẹ̀ sì fún ẹnu àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ pa. Bí dírípù oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, bá ti ń wọlé láti àná, iṣan ilé ọmọ kì í dá oògùn náà lóhùn bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Àsìkò tí ẹ wá nílò rẹ̀ jù, nígbà tí wọ́n bá fún yín ní yúníìtì 10 kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, agbára rẹ̀ á ti dínkù. Ẹ fi àìsàn tó ń wọlé nígbà tí omi ti já tipẹ́ tí ìka sì ń wọlé lemọ́lemọ́ kún un. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá já sí iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà níbẹ̀ sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti ìbímọ ojú ara, pàápàá bí ìrọbí bá ti pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn pé kí wọ́n pe ìrọbí ẹni tí ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ ṣì le ní ọ̀sẹ̀ 38, kìkì nítorí pé ó kọ ẹ̀jẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 39 sí 40, tí máàkì náà ti dára, tí PCV ti tó, ọ̀rọ̀ yí padà, mo sì fara mọ́ induction dáadáa. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ARRIVE, tó jáde ní 2018, wo àwọn obìnrin tó lé ní 6,000 ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo wọn ń bí àkọ́bí, tí oyún wọn kò sì ní ìṣòro. Nínú àwọn tí wọ́n pe ìrọbí wọn ní ọ̀sẹ̀ 39, ìdá 18.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá iṣẹ́ abẹ lọ. Nínú àwọn tó dúró, 22.2 ni. Ẹ̀jẹ̀ dídà kò sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọmọ tọ̀sán-tòru ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́ọ̀dù tí agbẹ̀bí kan ti ń tọ́jú obìnrin mẹ́jọ kò lè retí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní induction tó tóbi jù lójú mi ni aago. Ìrọbí tó wá fúnra rẹ̀ lè dé ní aago méjì òru Sunday, nígbà tí ọ̀gá dókítà wà nílé, tí ẹni tó ń kun aláìsàn fún iṣẹ́ abẹ wà ní ilé ìwòsàn mìíràn, tí ẹ̀yin sì ṣì wà ní Ìkòròdú tí ẹ ń wá mọ́tò. Bí wọ́n bá fi katẹ́tà Foley, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní bálúùnù lẹ́nu, sí ọrùn ilé ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ Monday, tí wọ́n fi omi mílílítà 30 sí 60 kún bálúùnù rẹ̀, ọrùn náà á ti máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lóru. Bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ dírípù ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ dé nígbà tí gbogbo ọwọ́ tó yẹ wà ní tòsí.

Tó bá jẹ́ misoprostol, hóró oògùn tó ń pe ìrọbí, ni wọ́n fẹ́ lò, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ni microgram 25 lẹ́nu, ní wákàtí méjì méjì. Hóró tó wà ní ọjà wa sábà máa ń jẹ́ 200. Abẹ kò lè gé e sí mẹ́jọ kó dọ́gba. Apá kan á ní 40, òmíràn á ní 10, ilé ọmọ á sì fún ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n yọ́ odidi hóró kan sínú omi mílílítà 200, kí wọ́n rò ó pọ̀ kí wọ́n tó fà á, kí wọ́n fi sìríńjì wọn mílílítà 25 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kí wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kọjá lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn kí dírípù oxytocin tó wọlé. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ rí kò gbọ́dọ̀ fara kan misoprostol fún ìrọbí, torí ilé ọmọ lè bẹ́ lójú àpá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sá fún ẹnikẹ́ni, ní ilé àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn àdáni, tó bá fẹ́ gún yín ní oxytocin sí ìdí kí ọmọ tó jáde. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fà á padà bí ó bá pọ̀ jù.

Ẹni tó bá yàn láti dúró náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí ọjọ́ orí oyún dá yín lójú láti ara scan oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, torí ọ̀sẹ̀ 41 tí ẹ fi ọkàn rò kò wúlò. Kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí wọ́n sì yẹ ọmọ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 40, kí wọ́n tún PCV àti platelet (hóró inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì) wò. Ẹ lè ní kí agbẹ̀bí fi ìka yí ẹnu ilé ọmọ ká láti ọ̀sẹ̀ 39, bí ibi ọmọ kò bá sí nísàlẹ̀. Ó máa ń mú kí ìrọbí yá láìlo oògùn. Bí ìfúnpá bá dé 140/90, bí omi bá já tí ìrọbí kò tẹ̀lé e, bí ọmọ kò bá mira bó ṣe ń mira, ìdúró parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 41 náà ni òpin rẹ̀. Ọmọ tó bá tóbi sí i, ilé ọmọ tó bá fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á ṣe fẹ́ dà sí i.

Ẹni tí ibi ọmọ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ojú àpá iṣẹ́ abẹ, kò sí nínú ìjíròrò yìí. Ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀gá dókítà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀. Ó tán.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ìṣẹ́jú tí ọmọ jáde ni ogun gan-an. Ní 2009, ìwádìí kan ní Netherlands rí i pé ewu ikú ìbímọ fún àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn obìnrin yòókù. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú oxytocin sí: inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius, bí ooru bá sì ti ń mú un fún ìgbà pípẹ́, agbára rẹ̀ lè ti dínkù. Carbetocin, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi oxytocin, èyí tí ooru kì í bà jẹ́, ni kí ẹ wá, microgram 100. Ẹ béèrè ọ̀rá tó ní ìlà mílílítà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá. Ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, tó jáde ní 2023, fi hàn pé bí wọ́n bá fi ọ̀rá yìí wọn ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣòro ńlá ń fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ìtọ́jú náà ni kí wọ́n fi ọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè le, kí wọ́n fún ìyá ní oxytocin, tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) àti omi dírípù, kí wọ́n sì wo ibi tó ti fàya. Gíráàmù 1 tranexamic acid ni, kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 10, kó má sì kọjá wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Lára yín, ẹ̀jẹ̀ mílílítà 500 ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀. Ní 300, tí ọkàn bá ti ń sáré, kí wọ́n ti pe gbogbo ènìyàn.

Ẹ kọ ohun tí ẹ gbà àti ohun tí ẹ kọ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: albumin (èròjà kan láti inú omi ẹ̀jẹ̀), èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, abẹ́rẹ́ anti-D fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rh negative, ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yín tó sì ń dá a padà. Ẹ kọ bóyá wọ́n lè yọ ilé ọmọ bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́, torí lára ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀, ìpinnu yẹn kì í dúró de ìgbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá ti kùnà. Kí dókítà bá obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ yìí lóun nìkan, láìsí ọkọ, ìyá ọkọ tàbí alàgbà nínú yàrá. Òun ló lára, ó sì lè yí ọkàn padà nígbàkigbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ ní 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ẹ̀jẹ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ tí ọmọdé nílò láti wà láàyè. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó wọ ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín sílẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Ìgò kékeré tí wọ́n ń lò fún ọmọdé ni kí wọ́n máa fi fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò yín, kí irin sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.